Gìrì: Ṣé ìtọ̀ màlúù ló dá a dúró?

Ọmọ ọdún kan àbọ̀ ti ń gbóná láti àárọ̀. Lójijì, ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ gan, apá àtẹsẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ilé ti kún. Wọ́n ń wá ṣíbí tí wọn yóò fi la eyín rẹ̀, wọ́n ń fún omi àlùbọ́sà sí i lójú, ẹnì kan ní kí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ìyá àgbà ti gbé ìgò àgbo jáde. Kò pẹ́, ọmọ rọ̀, ó bú sẹ́kún. Gbogbo ilé ní, "Àgbo ti ṣiṣẹ́!"

Kò ṣe iṣẹ́ kankan. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà fún ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì tó ìṣẹ́jú 5. Ẹ fún un lágbo o, ẹ má fún un o, yóò dúró. Ohun tí ẹ bá ṣe gbẹ̀yìn ni yóò gba ọpẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi lè búra pé àwọn fi ojú ara àwọn rí i, wọn kò sì purọ́.

Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ìgò yẹn? Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, àlùbọ́sà, efinrin. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa jàǹbá rẹ̀: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń mú kí èémí rẹ̀ rẹlẹ̀. Bí ṣúgà bá sì ti wálẹ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ ń fa gìrì! Ọmọ á tún gan, ilé á tún ro àgbo sí i lẹ́nu. Èyí tó bá gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò mọ ibi tó wà, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ti ṣíbí ńkọ́, tí wọ́n ní kò ní jẹ́ kí ọmọ gbé ahọ́n mì? Kò sẹ́ni tó lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Ó so mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu. Bó bá tilẹ̀ fi eyín gé e, ọgbẹ́ náà á jinná, èyí tí a kò lè sọ nípa eyín tó kán tàbí ẹsẹ̀ tí iná jó. (Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan iná yìí, mi ò mọ ohun tí ọmọ ṣe é.)

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí ọmọ kò tíì pé oṣù 6, ọ̀nà ilé ìwòsàn yá. Bó tilẹ̀ dúró, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, torí ibà tó wọ ọpọlọ àti yírùnyírùn náà ń mú gìrì wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fún un lágbo kí ẹ tó débẹ̀, ẹ sọ ọ́, kódà bó jẹ́ ìyá ọkọ ló fún un. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni nọ́ọ̀sì fi ń wo ṣúgà, bó bá sì ti lọ sílẹ̀, wọ́n á fa omi ṣúgà sí i lára lójú ẹsẹ̀.