Ẹni Tó Ń Ṣe Ọjà Ni Kí Òfin Bá Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá rìn yí ọjà Òkè-Ajé ká ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí agbègbè Sábó ní Ṣágámù, yóò rí i pé iṣẹ́ àtúnṣe kò tíì kú láàárín wa. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó ń rọ gáàsì sí fíríìjì tòkunbọ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé púpọ̀ nínú ọjà òde òní ni wọ́n ti ṣe lọ́nà tí kò fi ní ṣeé tú. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú fóònù, wọ́n sì lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa, débi pé kí ọwọ́ tó kan ibi tó bàjẹ́, a lè ti fọ́ ibi tí kò ní àrùn. Ọmọ ilé-ìwé tàbí oníṣòwò kékeré tí ì bá ra irú fóònù bẹ́ẹ̀ ní àlòkù ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ohun tí a dúró lé lórí ni pé kí ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di dandan pé ẹ̀rọ oníná tí kò bá ṣeé fi irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ tú, tàbí tí ẹ̀yà ìpààrọ̀ rẹ̀ kò sí ní àrọ́wọ́tó, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wa. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀, nítorí SON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ní ètò SONCAP tó fi ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó kó o wá láti òkèèrè. Láti ọdún 2011 sì ni ìlànà ti wà lábẹ́ NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin ààbò àyíká, lórí ẹ̀rọ oníná, èyí tó dárúkọ àtúnṣe àti àtúnlò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ohun tí wọ́n ti lẹ̀ pa láti ilé-iṣẹ́ ṣe?

Ní Faransé, ní ọdún 2021, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kọ máàkì sí ẹ̀gbẹ́ fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń tà, láti òdo dé 10, tó ń sọ bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe rọrùn tó. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì là á kalẹ̀ pé láti ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 2027, bátìrì inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín lè yọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé ohun tí wọn kò bá gbà níbẹ̀ mọ́ ni wọn yóò máa kó wá bá wa.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń di ọjà tún jinlẹ̀ ju èyí lọ, nítorí a kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí a tó tún un lò. Agolo tòmátì di dẹ̀rìká tí a fi ń wọn ìrẹsì, garawa ọ̀dà di òṣùwọ̀n gaàrí, kẹ́ẹ̀gì tó gbé kẹ́míkà wá sì lè padà di èyí tí wọ́n ń rọ epo pupa sí. Ewu ńlá ni èyí tó kẹ́yìn yìí, kò sì yẹ kí a dá aláròóbọ̀ nìkan lẹ́bi. Ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ dájú pé a ó tún kẹ́ẹ̀gì òun lò ni ó yẹ kó kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀, ní èdè tí ará ọjà gbọ́, bóyá ó ṣeé kó oúnjẹ sí tàbí kò ṣeé kó o sí, kí ó sì gba èyí tó léwu padà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń dá ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò padà nínú kéréètì tẹ́lẹ̀ nítorí owó ìgò tí a ti san sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ a fọ̀ ọ́, a sì tún rọ ọ́ kún. Ìgò oníke ló wá gbapò rẹ̀, gọ́tà wa ló sì ń dí.

Ìpínlẹ̀ Ògùn kún fún ilé-iṣẹ́, ní Ṣágámù, Ọ̀tà àti Àgbárá, nítorí náà ìjọba ní Abẹ́òkúta lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé, kí ó dá ètò owó ìgò padà fún ìgò oníke. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní Àbújá ni a sì ń ké sí láti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ oníná dé iwájú ilé kí ọjọ́ òfin Yúróòpù yẹn tó pé.