Ògiri Tó Lanu, Ilé Tí A Fẹ́ Tà

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Tọkọtaya tó ń jà la sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tó ti ṣe wẹ́kú tó ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ ta ilé, tí aládùúgbò rẹ̀ wá dìde sí i. Níbẹ̀, ògiri gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí àwa ọmọ bàbá mi fẹ́ ta ilé tó fi sílẹ̀ fún wa n'Íbàdàn, oníbàárà mẹ́ta ló wá wò ó láàárín oṣù méjì. Ilé náà wù wọ́n. Wọ́n á gbá ilẹ̀kùn wò, wọ́n á yọjú sínú kànga, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó padà wá. Bí a bá pè wọ́n, wọn kì í gbé fóònù. Ajẹ́ńtì wa ló fọgbọ́n wádìí rẹ̀: bàbá tó ń gbé lápá òsì wa ló ń jókòó síwájú ilé rẹ̀, tí àlejò bá ti ń jáde lọ́dọ̀ wa, á ní, "Ẹ rọra o, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ilẹ̀ yẹn." Gbólóhùn kan péré. Nílùú tí àwọn èèyàn ti ń kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé àwọn ò ta ilé àwọn, nítorí gbájúẹ̀, ta ló máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní sá?

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá a. Àbúrò bàbá wa obìnrin ló dá a dúró. Ó ní, "A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ń lọ ní tiyín, bàbá yẹn ò lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ra ilé yìí, ẹ̀gbẹ́ ta ló máa gbé? Ẹ tiẹ̀ ti bi í léèrè ohun tí ẹ fi ṣe é?" A wo ara wa lójú. A ò bi í rí.

Àṣálẹ́ ọjọ́ Sátidé la lọ. A mú obì àti orógbó dání, a dọ̀bálẹ̀, a ò sì dárúkọ oníbàárà kankan. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Bàbá dákẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní ká tẹ̀ lé òun lọ sẹ́yìnkùlé. Omi òrùlé wa ló ń dà sára ilé ìdáná rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ògiri ibẹ̀ sì ti ń ṣí wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ní, "Bàbá yín ṣèlérí gọ́tà fún mi, ikú ò jẹ́ kó ṣe é. Ẹ ti sin ín tán, ẹ ò yà kí mi." Ó wá nawọ́ sí fẹ́ǹsì wa, ó ní ó ti jẹ wọ ilẹ̀ òun.

A pe sọ̀féyọ̀. Kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́, kò sì gba ti bàbá. Ó fi ìwé àwòrán ilẹ̀ wa wé èyí tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba, ó wá wa ilẹ̀ kan àwọn òpó ààlà. Fẹ́ǹsì wa kọjá ààlà lọ́wọ́ ẹ̀yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Òótọ́ ń bẹ lẹ́nu ẹni tí à ń pè ní òṣìkà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ta ilé pé kó tó pe ajẹ́ńtì, kó kọ́kọ́ wá ibi tí ògiri tirẹ̀ ti lanu. Kí sọ̀féyọ̀ wá, kí aládùúgbò sì dúró níbẹ̀ nígbà tó bá ń wọn ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ogún, kí gbogbo ọmọ ti fẹnu kò. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ wa, bí ọmọ ẹbí kan bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, bí ẹni tí kò tà á rárá ni. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè ní kí kóòtù fagi lé títà náà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 náà sì tún ní kí Gómìnà fọwọ́ sí i. Aládùúgbò tó ń gbọ́ ìjà yín láti orí fẹ́ǹsì mọ èyí tí ẹ ò tíì parí nínú gbogbo rẹ̀.

Àwọn ajẹ́ńtì kan á ní kí ẹ mú oníbàárà wá nígbà tí aládùúgbò bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Mi ò fara mọ́ ọn. Oníbàárà ò ní kó ẹrù rẹ̀ dé tán kó tó gbọ́. Ẹ fúnra yín sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kí ẹ fi ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ fọwọ́ sí hàn án.

Mo mọ̀ pé aládùúgbò tó burú dájú ń bẹ. Òmíràn ń lé oníbàárà kí iye ilé lè wálẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbangba bóyá ó fẹ́ rà á, kí ẹ dá ọjọ́ fún un. Tó bá ṣì ń parọ́, ẹ gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tàbí baálẹ̀. Ní Èkó, ìjọba dá Citizens' Mediation Centre, ibi tí wọ́n ti ń parí ìjà láìdé kóòtù, sílẹ̀ ní 1999 fún irú aáwọ̀ báyìí, wọn kì í sì gba owó. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà lọ́yà tó kàn, torí irọ́ tí a pa mọ́ dúkìá ẹni tó sì lé oníbàárà lọ, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Àwa ṣe gọ́tà, a fa fẹ́ǹsì sẹ́yìn, a sì kọ ọ́ sílẹ̀, tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i. Owó tí a ná ò tó èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti yà sọ́tọ̀ fún ẹjọ́. Nígbà tí oníbàárà kẹrin wá, bàbá ṣì jókòó síbi tó máa ń jókòó, ó sì tún pè é bó ti ń jáde. Mo dúró lẹ́nu géètì, àyà mi ń já. Mo gbọ́ tó ń sọ fún obìnrin náà pé kànga wa kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, kó má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kó dí i.