Ẹni Gbin Ọgọ́rùn-ún Tó Ní Òun Gbin Igba

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebè tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n pa á fún, àmọ́ ó bá àdúgbò tó bá dáwó jọ láti gbin igi sí ọ̀nà ìgbafẹ́ wí gan-an. Láti 2008 ni Èkó ti ń ṣe ọjọ́ igi gbíngbìn ní 14 oṣù Keje. Iye tí a gbìn lọ́jọ́ náà la máa ń pariwo. Iye tó ṣì wà láàyè lóṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọgọ́rùn-ún òtítọ́.

Omi ló ń pa wọ́n jù. Igi tí a gbìn lóṣù Karùn-ún ní oṣù mẹ́fà láti ta gbòǹgbò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ti oṣù Kẹwàá kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, igi kọ̀ọ̀kan fẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 20, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì. Igi 40, kẹ́ẹ̀gì 80 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ mọ ẹni tí yóò pọn ọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan.

Kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po méjì náílọ́ọ̀nù tí igi náà wà nínú rẹ̀, kó má sì jìn jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya náílọ́ọ̀nù dúdú náà kúrò pátápátá. Bí ó bá kù sídìí igi, gbòǹgbò yóò máa yí po síbẹ̀ títí tí yóò fi fún ara rẹ̀ pa. Yanrìn erékùṣù Èkó kì í di omi mú, nítorí náà ẹ po páànù ìgbẹ́ adìyẹ kan mọ́ ọn, èyí tó ti jẹrà dáadáa, torí ìgbẹ́ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Túùbù táyà ni kí ẹ fi de igi náà mọ́ ọparun. Wáyà a máa gé èèpo wọlé bí igi ti ń sanra.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀ka tó bá ṣì tó àtàǹpàkò, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ yóò dí. Tó bá ti tó apá, ibẹ̀ ni igi yóò ti máa jẹrà. Ẹ má bẹ́ orí igi. Ẹ̀ka tó bá rú níbẹ̀ kò ní di ara igi mú, atẹ́gùn òjò yóò ya á lu ẹni tó ń kọjá.

Ìtàn ọ̀nà náà ńkọ́? Ní Broad Street l'Ékòó, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ di Freedom Park ní 2010, wọ́n sì fi àmì ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà sílẹ̀. Ní ti àmì tiwa, ìwé àkọsílẹ̀ kan ti tó fún àdúgbò: nọ́ńbà igi, irú rẹ̀, ọjọ́ tí a gbìn ín, ìdílé tó gbìn ín. Ẹ kọ èyí tó kú àti ohun tó pa á pẹ̀lú, ẹ má fi bò. Bí igi méjì bá kú lójú kan náà, ẹ má gbin ẹ̀kẹta. Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ wò tó mítà kan: ó lè jẹ́ kọnkéré tí àwọn bíríkìlà bò mọ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ omi ọṣẹ àwọn olóúnjẹ ló ń dà síbẹ̀ lálaalẹ́.