Èsì wa: bọ́tìnì ìrosùn tó là, tó sì tú pupa sára aṣọ

Ẹ kú ìnáwó mà, ẹ má bínú sí wa. Ẹ kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú bọ́tìnì ìrosùn mẹ́fà tí ẹ rà là sí méjì bí télọ̀ ṣe ń rán an, àti pé ìgbà tí ẹ fọ aṣọ funfun náà, pupa yọ yí ìdí márùn-ún tó kù ká.

Lílà yẹn, ẹ̀bi tiwa ni. Ẹ wo fọ́tò yín dáadáa: ihò méjèèjì tò sórí ìlà iṣan igi kan náà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó gba inú igi lọ sókè. Ara pákó la ti ń gé bọ́tìnì wa kó tó gorí ẹ̀rọ tó ń yí igi, kí iṣan lè dùbúlẹ̀ gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń gé e lára ọ̀pá roboto bí ẹní gé iṣu á tètè ṣe tán, àmọ́ iṣan á dúró ṣánṣán, gígùn rẹ̀ kò ní ju mílímítà 5 tí bọ́tìnì fi nípọn lọ, ìka lásán á sì ṣẹ́ ẹ. Ti pákó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ìlà nìkan ló ti ń là. Ihò wa fẹ̀ ní mílímítà 2, àárín wọn kò ju 3 lọ. Ìbú ìlà ló yẹ kí wọ́n wà. Tí wọ́n bá tò lé ìlà, òwú tó le díẹ̀ ti tó láti là á láti inú ihò kan bọ́ sí èkejì. Télọ̀ yín kò ṣẹ̀. Kó ṣáà máa fi ọwọ́ rán irú rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó bá ṣi ihò á fọ́ igi. Kó fi igi ìṣáná kan há sáàárín òwú àti ojú bọ́tìnì, kó yọ ọ́ tó bá rán tán, kó wá fi òwú wé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní ti pupa, ìrosùn náà ni igi tí à ń lọ̀ ṣe osùn. Omi lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ fa àwọ̀ rẹ̀ jáde lára igi, ọṣẹ ló ń fà á jáde, sípíríìtì sì tún ń fà á jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi fáníìṣì oní-sípíríìtì kùn ún. Òróró linseed (òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀) tí a fi pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ń dín in kù ni, kò dí i pa. Ó yẹ ká ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀: kì í ṣe fún aṣọ funfun. A kò kọ ọ́.

Ẹ má tíì lọ aṣọ náà. Ẹ tú bọ́tìnì kúrò, ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ àbàwọ́n, kí ẹ fi ẹ̀gbọ̀n òwú tó rin fún sípíríìtì máa tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi ìṣẹ́po inú. Ó lè má tán pátá.

Méje tí a fi igi ọsàn ṣe la máa fi ránṣẹ́, ọ̀kan fún ìpamọ́: ó le, iṣan rẹ̀ sún mọ́ra, kì í tú àwọ̀. Bí owó lẹ bá fẹ́, a ó dá a padà. Ẹni tó bá sì ní ti pupa nílé, kó wo ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá tò lé ìlà, kó dá a padà fún wa ká pàrọ̀ rẹ̀ kó tó là.