Pípa iná dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ ni túúnìn

Ọ̀rọ̀ kan ń jà káàkiri pé kéèyàn má sanwó túúnìn fún mẹkáníìkì mọ́: ra scanner kékeré, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù ọkọ̀, fi sí ihò abẹ́ sítíárì, pa iná “check engine”, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Kíka kóòdù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi pa mọ́ nígbà tó bá rí àléébù, yàtọ̀ sí wíwá ohun tó ń ṣe ọkọ̀ gan-an. Méjèèjì tún yàtọ̀ sí túúnìn, ìyẹn yíyí ètò epo àti iná plọ́ọ̀gì padà nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Scanner olówó pọ́ọ́kú kò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ wo kóòdù kan, P0171. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Kò sọ ìdí. Ó lè jẹ́ rọ́bà ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ya, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, tàbí pọ́ǹpù epo tí kò lágbára mọ́. Ẹni tó bá ń méfò, tó ń ra páàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, lè ná ju owó mẹkáníìkì lọ.

Ẹ dán an wò: ẹ pa kóòdù náà, kí ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí àléébù bá ṣì wà níbẹ̀, iná á tún tàn.

Plọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Èmi náà ń ṣe é.