Tábìlì Àwọn Àpà: Kí N Jókòó Tàbí Kí N Dìde?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, torí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fà á títí, kò tíì tán. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo jókòó sídìí pókà, eré káàdì olówó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, ní ilé tẹ́tẹ́ kan láàárín ìlú Lọ́ńdọ́nù. Káàdì méjì ni wọ́n ń pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn a sì ṣí márùn-ún sáàárín tí gbogbo wa jọ ń lò. Àwa mẹ́sàn-án ni a wà níbẹ̀, £1 àti £2 sì ni owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. £200 ni mo fi jókòó; kó tó di aago méjìlá òru, ó ti di £640. N kò ní tan ara mi pé mo mọ pókà ta ju ẹnikẹ́ni lọ: mẹ́rin nínú wọn ló ń ná owó ní ìná àpà. Èyí tó jókòó sí ọwọ́ òsì mi kì í gbé káàdì rẹ̀ wò rárá kó tó ti £20 sáàárín. Ó kọjú sí ẹni tó ń gbé ọtí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, àfi kí ẹ kàn rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń ti ike owó síwájú. Àwọn mẹ́ta yòókù a sì tẹ̀lé e, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí £900 ló wà níwájú ọkùnrin náà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n dìde, mo sì dìde. Ṣùgbọ́n irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń ta pókà ń wá kiri, àwọn ọkùnrin yìí kì í sì í pa ọjọ́ Jímọ̀ jẹ. Bí mo bá tún bá wọn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí owó mi sì tún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Olùṣirò:
Ní tèmi o, ẹ jókòó. Bí ẹnì kan bá mú éèsì méjì, tí í ṣe káàdì méjì tó lágbára jù lọ, tó sì bá ẹyọ ẹnì kan tó mú káàdì èyíkéyìí fà á dé ìparí, yóò jẹ ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ ẹni mẹ́rin ló bá a fà á, ìgbà 56 péré ni yóò jẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń pariwo nìyẹn, tí wọn a ní àwọn òpè ti ba eré jẹ́ àti pé káàdì gidi kò níyì mọ́. Ṣùgbọ́n owó ni kí ẹ kà, ẹ má ka iye ìgbà. Bí ẹ̀yin àti ẹnì kan bá fi £100 £100 sáàárín, ó di £200. Ìdá 85 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ £170, nítorí náà £70 ni èrè yín bí a bá pín in káàkiri ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, ó di £500; ìdá 56 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ £280, èrè yín sì di £180. Ẹ óò máa pàdánù lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni èrè yín yóò ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó bá dìde torí pé wọ́n ń fi káàdì yẹpẹrẹ na òun ń sá fún ẹni tó fẹ́ san gbèsè fún un.

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Ìṣirò Olùṣirò kò ní àbùkù, àmọ́ orí oríṣi káàdì kan ṣoṣo ló gbé e kà. Ìgbà kan nínú 221 ni éèsì méjì máa ń bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́. Nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn ló ń fi ọwọ́ pín káàdì, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ, ìpín 25 sí 30 ni wọ́n máa ń ṣe ní wákàtí kan, ẹ sì lè jókòó fún bíi wákàtí mẹ́jọ kí ẹ tó rí i lẹ́ẹ̀kan. Kí wá ni ẹ óò máa fi àwọn ìpín yòókù ṣe?

Ọ̀nà méjì ni àwọn àpà pín sí. Títẹ̀lé ni ti àwọn kan: wọn kì í fi kún owó, wọn kì í sì í kó káàdì sílẹ̀. Ẹ jókòó ti irú wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn kejì ni àwọn tó ń fi kún un ṣáá, irú ọkùnrin ọwọ́ òsì yẹn, àwọn ló sì ń sọ tábìlì £2 di tábìlì £20 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ padà. Ẹni tó fi £200 jókòó rò pé ìlọ́po 100 owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òun; kò mọ̀ pé ìlọ́po mẹ́wàá péré ni. Ẹ wo ẹni tó mú eéje méjì. Yóò gbà á tó ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kí eéje kẹta, èyí tó ń sọ káàdì rẹ̀ di alágbára, tó jáde nínú káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ṣí sáàárín. Ní £20 £20, iyẹn ti tó £160 kó tó kan orí ire rẹ̀. Bí £640 bá wà níwájú rẹ̀, tó sì wà níwájú àwọn náà, yóò rí i gbà padà. Bí ó bá jẹ́ £80 ló ṣẹ́ kù, kó má dán an wò.

Nítorí náà, ìjókòó yín ló burú. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ tiyín, òun a wá gbé e ga lẹ́yìn yín. Ẹ bẹ alábòójútó kó wá ìjókòó mìíràn fún yín, kí ọkùnrin náà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún yín, kí ẹ lè máa rí ohun tó ṣe kó tó kàn yín.

Olùṣirò:
Bàbá Ìbejì, ó dára bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n àpà ọwọ́ òsì náà ní ìwúlò tirẹ̀. Ká ní ẹ mú ọba méjì, ẹ fi £2 tẹ̀lé jẹ́ẹ́. Òun yóò ti £20 síwájú láìwo káàdì, àwọn mẹ́ta yóò tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ yóò sì padà sọ́dọ̀ yín nígbà tí ó ti lé ní £80 nílẹ̀. Ìgbà náà ni ẹ óò wá ti £140 wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló bá yín kó ọjà jọ.

Ìyá Tóyìn:
Ẹ̀yin ọkùnrin, káàdì ni ẹ ń ṣírò, ẹ kò ṣírò owó ọmọ yìí. Mo pín káàdì nírú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí n tó fi iṣẹ́ òru sílẹ̀, ohun tí mo sì rí jù níbẹ̀ ni ẹni tó jẹ owó tí kò lè gbé dìde. Ẹ rántí òfin: owó tó bá ti wà níwájú yín, ẹ kò lè kó £440 nínú rẹ̀ sápò kí ẹ máa fi £200 ta lọ. Odidi rẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ títí ẹ óò fi dìde, bí ẹ bá sì dìde, tí ẹ tún padà láìpẹ́, iye tí ẹ kó lọ gan-an ni wọn yóò ní kí ẹ kó padà wá. Èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí ó fi £640 dojú kọ ẹni tó ní £900, tó lè gbà á tán nínú ìpín kan ṣoṣo, tàbí kó máa lọ sílé.

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ, pé £200 ló mú wá, ìyókù jẹ́ owó ilé tẹ́tẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ènìyàn bá ti jẹ ti di tirẹ̀, yóò sì dùn ún bí ti oṣù rẹ̀ bí ó bá lọ. Ọmọ mi, èló lo yà sọ́tọ̀ fún pókà yìí lápapọ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé, mà. £1,500 ni mo yà sọ́tọ̀, kò sì kan owó ilé tàbí owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé. Mo tún ní iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀ Sátidé, n kò tíì sọ ìyẹn.

Ìyá Tóyìn:
Ó dáa. £640 ju ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fi pókà jẹun kì í fẹ́ jókòó àyàfi tí wọ́n bá ní tó ìlọ́po 20 owó tí wọ́n gbé kalẹ̀. Fún £200, £4,000 nìyẹn. O kò ní in fún £200 pàápàá, kí a má tíì sọ ti £640. Nígbà tí Olùṣirò ní ìgbà 56 nínú 100, ìgbà 44 wà nínú rẹ̀ tí éèsì méjì yóò wọlẹ̀. Ṣé o lè gba ìyẹn mọ́ra, kí o sì padà wá ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e?

Olùṣirò:
Ìyá wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìlọ́po 20 wà fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ yìí ń gba owó oṣù, ó lè dí àlàfo rẹ̀ padà. Kò sì sẹ́ni tó ní kó ti £640 wọlé ní gbogbo ìpín. Kó máa kó káàdì lásán sílẹ̀, kó dúró de èyí tó dára.

Ìyá Tóyìn:
Mo ti rí àwọn tó ń dúró de èyí tó dára. Bí owó níwájú wọn bá ti ju èyí tí ọkàn wọn gbà lọ, wọn a kó ọba méjì sílẹ̀ nígbà tí éèsì kan bá ṣí sáàárín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpà kan tí kò mú nǹkankan ló ti £60 lé wọn. Èrè tí ẹ ṣírò wà fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ilé tẹ́tẹ́ ní tirẹ̀ ń gba owó rẹ̀ lọ́nàkọnà, ì báà jẹ́ ìdá kan nínú owó àárín, ì báà jẹ́ owó wákàtí.

Ọ̀ta Ayò:
Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, òpè kì í ba ọ̀ta lẹ́rù, torí gbogbo ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n, kò sí èyí tó dojú bolẹ̀. Nídìí káàdì, òpè lè na ọ̀ta láti alẹ́ títí di àárọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi Ọmọ Ẹ̀gbá ni pé, ta ló sọ fún un pé òun ni ọ̀ta níbẹ̀? Ó sọ mẹ́rin fún wa, wọ́n sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Àwọn mẹ́rin tí kò dárúkọ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà jókòó jẹ́ẹ́ torí owó àwọn àpà yìí kan náà, kí ó sì jẹ́ pé àwọn ló mọ̀ ọ́n jù.

Ìyá Tóyìn:
Ọ̀rọ̀ rèé! Tábìlì aago mẹ́wàá kọ́ ni tábìlì aago méjì òru. Àpà kan á gbẹ, á dìde. Òmíràn á jẹ owó rẹpẹtẹ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ. Ìjókòó tó ṣófo, ẹni tó ti dúró fún un láti ìrọ̀lẹ́, tí kò mu ọtí kankan, ni yóò gbà á. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá dìde, kí o ka àwọn tó kù. Bí àpà bá ti di ẹyọ kan, má ṣe béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, máa lọ.

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Mo fara mọ́ ìyẹn. Kí ó pààrọ̀ ìjókòó ní kété tó bá dé, kó pinnu láti ilé iye tó jẹ́ pé bí ó bá ti wà níwájú rẹ̀, yóò dìde, kó sì fi iṣẹ́ àárọ̀ Sátidé kún un. Fún ẹni tó ní £1,500, èmi yóò fi í sí £500.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kò ní jẹ́ ìwà àìmọ̀-ọ́n-hù bí mo bá dìde lẹ́yìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ńlá lọ́wọ́ wọn?

Bàbá Ìbejì, Manchester:
Kò sí òfin tó dè yín. Ìdíje, níbi tí gbogbo ènìyàn ti san owó ìwọlé kan náà, ni a kì í dìde níbẹ̀ kó tó parí. Nídìí owó gidi, ẹ lè dìde nígbàkigbà. Bí ó bá ń ti yín lójú, ẹ ti sọ ọ́ ní wákàtí kan ṣáájú pé ẹ níṣẹ́ láàárọ̀.

Olùṣirò:
Èmi kò yí ohùn padà o. £500 ti kéré jù fún irú tábìlì yẹn. Ṣùgbọ́n bí Ọmọ Ẹ̀gbá bá fẹ́ dìde ní Jímọ̀, kó jọ̀wọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú, kí n lè wá jókòó sí àyè rẹ̀.

Ìyá Tóyìn:
Ẹ rántí kó £4,000 yẹn dání o.