Oníṣòwò Tó Di Ọ̀nárébù, Ìwé Kọ́ńtíráàtì Ńkọ́?

Bí ìdìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú tí a mọ̀ nídìí símẹ́ńtì, nídìí epo bẹntiróòlù àti nídìí kòkó ló ń kún ara ògiri láti Ọjà Ọba Àkúrẹ́ títí dé Alágbàkà. Àlàyé wọn kì í yàtọ̀: àwọn ti lówó kí wọ́n tó dé, kì í ṣe ebi ló ń gbé wọn lọ sílé ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ olùdìbò. Ní tiwa, kò tíì tó.

Kì í ṣe pé a kórìíra oníṣòwò. Bí ọkọ̀ bá já 600 àpò símẹ́ńtì, tí mẹ́ta dín níbẹ̀, ojúlówó oníṣòwò yóò ti mọ̀ kí dírẹ́bà tó ṣíná sí ọkọ̀. Irú ojú bẹ́ẹ̀ la nílò lára àwọn aṣòfin 26 tí òfin fún lágbára láti yẹ ìsúná gómìnà wò, kí wọ́n sì tọpinpin bó ṣe ná an. Àmọ́ ìjọba yìí kan náà ló ń ra símẹ́ńtì. Ká ní ilé iṣẹ́ ọ̀nárébù ló ń gbé irin àti símẹ́ńtì fún agbaṣẹ́ṣe tó ṣe gọ́tà kan, tí gọ́tà náà wó lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ta ni yóò bi agbaṣẹ́ṣe léèrè irú símẹ́ńtì tó lò? Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Ti kòkó tún le jù. Kò sí ìpínlẹ̀ tí òkìkí kòkó rẹ̀ kàn tó tiwa ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò iye tí ìjọba yóò gbà lórí àpò kan, ṣé àgbẹ̀ Ìdànrè ni ọ̀nárébù tó ń ra kòkó yóò gbè, àbí àpò ara rẹ̀?

Òfin ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Abala 94 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí aṣòfin kéde dúkìá rẹ̀ kó tó jókòó. (Inú fáìlì ni ìkéde náà ń wọ̀, ará ìlú kì í fojú kàn án.) Abala 98 ní kí ilé ìgbìmọ̀ ṣe ìlànà pé kí aṣòfin sọ ọ́ síta bí owó tirẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, kí ilé sì pinnu bóyá yóò dá sí i.

Ohun tí a ń fẹ́ ni kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Oǹdó ṣí ìwé kan tí ẹnikẹ́ni lè wọlé kà, kí ọ̀nárébù kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀, kí ilé iṣẹ́ náà má ta abẹ́rẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, ṣé kó wá pa ṣọ́ọ̀bù tó fi ogún ọdún kọ́ tì nítorí ọdún mẹ́rin? Rárá o. Kó máa tà fún gbogbo ayé, oníbàárà kan ṣoṣo la ní kó yọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè yọ ọ́, kó jókòó ti ọjà rẹ̀, kò sẹ́ni tó lé e.

Ará ìlú náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ìlọta méjì, ọ̀kadà mẹ́ta, ìrẹsì ọdún, a ti ń pariwo pé ọ̀nárébù ń ṣiṣẹ́. A kì í béèrè ṣọ́ọ̀bù ta ni wọ́n ti ra ọ̀kadà ọ̀hún.

Kí ìwé náà gba orúkọ ọkọ, ìyàwó, ọmọ àti àbúrò pẹ̀lú, torí kíkun pátákó ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orúkọ tuntun kò ná wọn ní nǹkan. Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ tó wá hàn lẹ́yìn, kí ilé fìyà jẹ ọ̀nárébù náà. Abala 98 náà ti fún wọn láṣẹ láti fìyà jẹ aṣòfin tí kò bá sọ owó tirẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ síta.